ILÉ TÍ A FI Ẹ̀KỌ́ KỌ́: ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ ÀLÙFÁÀ ISRAEL OLÚDỌ̀TUN RANSOME-KUTI (1891–1955)

Ìfáàrà

Láàrin àwọn Yorùbá, ọ̀rọ̀ ilé ju ọ̀rọ̀ ògiri, òrùlé àti ilẹ̀kùn lọ. Bí wọ́n bá ní ilé lágbájá dára, ó lè jẹ́ ilé tí onítọ̀hún kọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ó sì lè jẹ́ ìdílé rẹ̀, ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n ní láwùjọ ni wọ́n ń sọ. Ilé méjèèjì yìí kì í ya ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní Abẹ́òkúta àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lápapọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ńlá ló wà tí ó jẹ́ pé oko, ilẹ̀, òwò tàbí oyè ni ó gbé wọn ga. Àwọn kan gbin kòkó àti obì títí wọ́n fi di ẹni tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Àwọn mìíràn ta epo, aṣọ àti ìbọn ní ìgbà ogun, orúkọ wọn kò sì parẹ́ títí di òní. Ìdílé Ransome-Kuti yàtọ̀ sí wọn. Oko tí wọ́n dá kò ju oko ẹ̀kọ́ àti oko ìwàásù lọ, síbẹ̀ ìkórè rẹ̀ kárí ilẹ̀ Nàìjíríà ó sì dé òkè òkun. Ilé wọn ní Abẹ́òkúta ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ènìyàn ń lọ wò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ síbẹ̀ ń lọ nítorí Fúnmiláyọ̀, akọni obìnrin, tàbí nítorí Fẹlá, olórin. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ń béèrè baálé ilé náà.

Ẹni náà ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tí àwọn ará Abẹ́òkúta mọ̀ sí Dáódù. Kò sí olùkọ́ kan ní Nàìjíríà lónìí, ì báà jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ti girama, tí kò jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Orírun àti Ìbí Rẹ̀

Láti mọ Olúdọ̀tun, ó pọn dandan láti mọ baba rẹ̀. Josaiah Jesse Ransome-Kuti ni wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1855, nígbà tí ìlú náà kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ tí Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó sábẹ́ Olúmọ. Likoye Kuti ni orúkọ baba Josaiah. Onílù àti olórin ni, kò sì fẹ́ràn ẹ̀sìn tuntun tí àwọn òyìnbó gbé dé. Ìyá Josaiah ni ó gba ẹ̀sìn Kírísítì, òun ni ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Báyìí ni ohun méjì ṣe pàdé nínú ọmọ kan ṣoṣo: orin láti ọ̀dọ̀ baba, ìgbàgbọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá. Josaiah di olùkọ́, ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ó sì ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìyìn. Ó fi orúkọ Ransome kún Kuti láti bọlá fún ajíhìnrere kan tí ó jẹ́ òyìnbó. Ní àárín àwọn ọdún 1920, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó mú kí ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ohùn wọn wọnú àwo. Ọdún 1930 ni ó kú.

Ní ọjọ́ kẹta-dín-lọ́gbọ̀n ó lé mẹ́ta oṣù kẹrin, ìyẹn ọjọ́ 30, ní ọdún 1891, ni wọ́n bí Olúdọ̀tun fún Josaiah àti ìyàwó rẹ̀ tí ó wá láti ìdílé Olubi. Ilé àlùfáà ni wọ́n bí i sí, ilé àlùfáà ni ó sì dàgbà sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Ìjọ ni ó ni í. Bí wọ́n bá gbé àlùfáà kúrò ní ibùdó kan, àtìyàwó àtọmọ ni yóò dì í lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìwé wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú a sì máa wọlé wá gba ìmọ̀ràn ní tàárọ̀ talẹ́. Ọmọ tí ó bá dàgbà nínú irú ilé yìí kò ní ṣàìmọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ̀wé, gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n fún.

Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Nínú Ìyípadà Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní abúlé Sunren, ní agbègbè tí baba rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere, ni Olúdọ̀tun ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ C.M.S. ní Èkó. Ní ọdún 1908, àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta dá ilé-ẹ̀kọ́ girama tiwọn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá má baà máa fi ìlú sílẹ̀ nítorí ìwé. Olúdọ̀tun padà wálé. Orúkọ rẹ̀ ni ó ṣáájú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ nígbà náà pé ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọlé yìí ni yóò padà di ọ̀gá níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún.

Ní ọdún 1913, ó gba Sàró lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay, ó sì gba oyè B.A. ní ọdún 1916. Ọdún mẹ́ta péré ni ó lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta náà le fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí ó ń lọ, Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n bá òyìnbó ṣe ní ọdún 1893 ni ó fi wọ́n sílẹ̀ ní òmìnira. Ìjọba ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1898 ní akọ̀wé, ilé ẹjọ́ àti owó ibodè tirẹ̀. Ní ọdún 1914, rògbòdìyàn Ìjẹmọ̀ ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn yìnbọn pa ènìyàn púpọ̀, òmìnira Ẹ̀gbá sì dópin ní ọdún náà gan-an. Nígbà tí Olúdọ̀tun padà dé, ìlú tí ó fi sílẹ̀ kọ́ ni ó bá. Ní ọdún 1918, owó-orí tí òyìnbó gbé dé di ohun tí àwọn ará oko fi gbé ìbọn nínú ogun Àdúbí.

Ohun tí ojú àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé Ẹ̀gbá rí ní àkókò yìí kò kúrò lọ́kàn wọn. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ọba ni ó kù láti ṣe. Àwọn kan yà sídìí òwò. Olúdọ̀tun padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, ó di olùkọ́ níbẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìgbéyàwó

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é láti wá di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1913. Ibẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1932. Wọ́n tún fi í joyè àlùfáà nínú ìjọ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n iyàrá ìkàwé ni ó sọ di àga ìwàásù rẹ̀. Ọ̀gá tí ó le ni. Kì í fojú kéré ìwà ọ̀lẹ, irọ́ àti ìwà ìmẹ́lẹ́, ẹgba kò sì jìnnà sí i gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn olùkọ́ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ jẹ́rìí sí i pé ó ń dápàárá, ó sì ń fetí sí àwíjàre ọmọdé kí ó tó dájọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, ó gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Fúnmiláyọ̀. Ọdún 1900 ni wọ́n bí i. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí gba ọmọbìnrin ní ọdún 1914, òun ni ó ṣáájú wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú àwọn ọkùnrin ni ó fẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú àwọn obìnrin. Láàrin ọdún 1919 sí 1922, Fúnmiláyọ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó padà, ó ti pa àwọn orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ tì, Fúnmiláyọ̀ nìkan ni ó ń jẹ́. Olùkọ́ ni òun náà kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn.

Ìgbéyàwó wọn kò jọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà. Olúdọ̀tun kò ka ìyàwó sí ẹni tí ó kàn wà fún ìdáná. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó sì kó àwọn obìnrin jọ. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Dolupọ ní ọdún 1926 àti Olikoye ní ọdún 1927.

Ìdásílẹ̀ Ẹgbẹ́ Olùkọ́

Ní àkókò yìí, ìyà ń jẹ olùkọ́. Olùkọ́ tí ó bá wà lábẹ́ ìjọba ní owó oṣù tí ó dúró, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì lójú ọ̀nà. Ti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì pọ̀ jù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò mọ sí ti iyàrá ìkàwé. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ akọrin, àwọn ni wọ́n ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn náà ni wọ́n ń ka ìwé àti lẹ́tà fún àwọn ará abúlé. Bí owó ìjọ bá kéré, owó wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Bí àwọn alákòóso ìjọ bá bínú sí wọn, wọ́n lè pàdánù iṣẹ́ láìsí ẹni tí yóò gbèjà wọn. Ìlú ń pè wọ́n ní tíṣà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ṣeé sè jẹ.

Ọ̀gá ni Olúdọ̀tun. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé olùkọ́ tí ebi ń pa kò lè kọ́ ọmọ yanjú, àti pé bí olúkúlùkù bá ń dá ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ bẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Ní ọdún 1926, àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, òun ni ó sì wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí ni àwọn olùkọ́ Èkó ti dá tiwọn sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1931, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí pàdé ní Èkó, wọ́n sì para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí N.U.T. Olúdọ̀tun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ipò yìí ni ó wà títí di ọdún 1954.

Àkókò tí wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ṣe pàtàkì. Ọ̀dá owó bo gbogbo ayé ní ìgbà náà, ìjọba àti ìjọ sì ń wá ibi tí wọn yóò ti dín ìnáwó kù. Ẹgbẹ́ Olùkọ́ dúró pé kò yẹ kí ó jẹ́ orí olùkọ́ nìkan ni wọn yóò máa fọ́ àgbọn náà lé. Wọ́n béèrè pé kí òṣùwọ̀n kan náà wà fún gbogbo olùkọ́, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti ìjọ. Kò rọrùn. Òṣìṣẹ́ ìjọ ni ààrẹ wọn, àwọn alákòóso ìjọ sì ni ó ń bá fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ ẹni, kì í yá a lára láti bá onítọ̀hún jà. Síbẹ̀, Olúdọ̀tun kò yí ohùn padà. Lẹ́tà ni ó ń kọ, ìpàdé ni ó ń pè, ọkọ̀ ni ó ń wọ̀ láti ìlú kan dé èkejì. Ní ìlà oòrùn, ní ìwọ̀ oòrùn àti ní àríwá, ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1943, E. E. Esua, ọmọ Calabar, di akọ̀wé àgbà tí ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé ẹgbẹ́ náà dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà níbẹ̀; ọmọ Ẹ̀gbá ni ààrẹ, ọmọ Calabar ni akọ̀wé, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tí wọ́n ń sìn.

Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1932, Olúdọ̀tun padà sí Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ààlà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàrin ilé àti ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lábẹ́ òrùlé ọ̀gá, àwọn ọmọ ọ̀gá sì wà láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Fẹlá ní ọdún 1938 àti Bẹ́kọ̀ ní ọdún 1940. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kò sí ojúsàájú. Bí ọmọ ọ̀gá bá ṣẹ̀, ìyà tí ọmọ ẹlòmíràn ń jẹ náà ni yóò jẹ. Baba àti ìyá ni wọ́n jọ di ọ̀pá ìbáwí mú, ti ìyá kò sì fúyẹ́ ju ti baba lọ.

Dáódù ni àwọn ènìyàn ń pe ọkọ, Béèrè ni wọ́n ń pe ìyàwó. Orúkọ méjèèjì jẹ́ orúkọ àkọ́bí, wọ́n sì fi hàn pé ìlú ka àwọn méjèèjì sí ẹni iwájú. Lára àwọn tí ó kàwé lábẹ́ Dáódù ni Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ Àlùfáà Josaiah. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó fi sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Yorùbá, Dáódù àti Béèrè hàn kedere gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ilé wọn jẹ́ ibi àríyànjiyàn, ibi ẹ̀kọ́ àti ibi ìgbìmọ̀.

Ìgbìmọ̀ Elliot àti Yunifásítì

Ní ọdún 1943, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Walter Elliot láti wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ènìyàn dúdú mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀: Korsah láti Góòlù Kóòsì, Taylor-Cummings láti Sàró, àti Ransome-Kuti láti Nàìjíríà. Bí ó ti jẹ́ olùkọ́ girama, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sọ irú ẹ̀kọ́ tí ó yẹ àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 1945, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn tí ó kéré níye ní kí yunifásítì kan ṣoṣo wà ní Ìbàdàn fún gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó pọ̀, tí ènìyàn dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára wọn, ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà ní Nàìjíríà àti ní Góòlù Kóòsì, kí wọ́n má sì pa Fourah Bay tì. Ó rọrùn láti rí ìdí tí Olúdọ̀tun fi dúró níbi tí ó dúró. Fourah Bay ni ó wo ilé ayé hàn án. Ó sì mọ ohun tí ó ná àwọn òbí láti rán ọmọ sọdá òkun. Ní ọdún 1948, ilé-ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní Góòlù Kóòsì. Ọ̀kan lára àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n fi orúkọ Kuti pè nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti sùn, tí ó sì ti jí níbẹ̀, láìmọ̀ pé olùkọ́ girama ni ẹni tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ pe ilé wọn.

Ilé Tí Ó Dojú Kọ Ààfin

Ìdánwò tí ó le jù fún ilé Ransome-Kuti dé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ọdún 1932 ni Fúnmiláyọ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ó kàwé. Nígbà tí ó ṣe, àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, Béèrè sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti kíkọ. Láti ẹnu wọn ni ó ti gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí: ìrẹsì wọn tí àwọn aṣojú ìjọba ń gbà, owó-orí tí wọ́n ń san lọ́tọ̀ sí ti ọkọ, àti àwọn agbowó-orí tí wọ́n ń lé ọmọbìnrin kiri. Kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń gbé owó-orí náà kalẹ̀. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Oníléeṣu, alárọ, aláṣọ àti olùkọ́ jọ wà nínú rẹ̀. Béèrè pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀, Yorùbá ni ó sì ń sọ níwájú aláṣẹ òyìnbó.

Ọgbà ilé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìmọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń múra sílẹ̀ fún ìwọ́de. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó níwájú ààfin ní Aké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n jí síbẹ̀, wọ́n ń fi orin bú ìjọba àti Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ẹni tí ó ti wà lórí oyè láti ọdún 1920.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré fún Dáódù. Àlùfáà ni, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n tọ́ láti bọ̀wọ̀ fún ọba sì ni. Bí ó bá pàṣẹ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó jókòó sílé, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Àṣà ìgbà náà yóò tilẹ̀ yìn ín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó ń kó ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn obìnrin náà, ó sì gba èébú àti ìbínú àwọn tí inú wọn kò dùn. Ẹni tí ó ti sọ fún ìjọba pé olùkọ́ kì í ṣe ẹrú kò lè wá sọ fún ìyàwó oníṣu pé kí ó dákẹ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ó fi oyè sílẹ̀. Wọ́n dáwọ́ owó-orí obìnrin dúró, àwọn obìnrin sì ráyè wọnú ìgbìmọ̀ ìlú. Òótọ́ ni pé Aláké padà sórí oyè ní ìparí ọdún 1950, ó sì jọba títí di ọdún 1962. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè sọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pé àwọn obìnrin kò ní ohùn.

Ikú àti Ogún Tí Ó Fi Sílẹ̀

Ní ọdún 1954, Olúdọ̀tun fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì fi ipò ààrẹ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àìsàn jẹjẹrẹ ń bá a jà. Ìsinmi tí ó yẹ kí ó gbádùn kò tọ́jọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1955, ó kú ní Abẹ́òkúta. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ètò tí kì bá tí ṣeé ṣe bí kò bá sí ogunlọ́gọ̀ olùkọ́ tí ó gbà láti ṣe é.

Àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ọ̀sì ni Dolupọ. Olikoye di oníṣègùn àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Bẹ́kọ̀ náà di oníṣègùn, ó sì jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn títí ó fi ṣẹ̀wọ̀n. Fẹlá mú orin baba-ńlá rẹ̀ lọ sí ibi tí Àlùfáà Josaiah kò lè ronú kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wò wọ́n lóréfèé, yóò sọ pé ìwà wọn kò jọra. Ṣùgbọ́n ohun kan so wọ́n pọ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bẹ̀rù aláṣẹ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìyá wọn gbé ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Kò bọ́ nínú ọgbẹ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé e padà sí láti sin ín. Wọ́n dáná sun ilé Fẹlá ní Èkó. Ilé ti Abẹ́òkúta dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Ìgbésí ayé Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti fi hàn pé ilé ńlá kì í ṣe ti ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ nìkan. Kò ní oko kòkó, kò joyè ìlú, kò sì ní ọmọ ogun. Iyàrá ìkàwé ni ó ní, ó sì lò ó láti kọ́ ilé mẹ́ta: ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi ọdún méjìlélógún darí, ẹgbẹ́ tí ó fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣe ààrẹ rẹ̀, àti ìdílé tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfin kan náà ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Ohun tí ó bá fẹ́ kí ìjọba ṣe fún olùkọ́ ni ó ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀, kò sì gba ẹ̀tọ́ tí ó ń béèrè fún ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Ìjà owó oṣù àti ti ipò olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1931 kò tíì parí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ààrẹ àkọ́kọ́ náà kò fi ìjà ẹgbẹ́ ṣe àwáwí láti pa iṣẹ́ tì. Bí ó ti ń béèrè owó olùkọ́ ni ó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tí ó bá lọ wo ilé Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta, kí ó wo àwòrán Fúnmiláyọ̀, kí ó sì gbọ́ orin Fẹlá. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè Dáódù.